Àṣìṣe ní ilé ìwòsàn: kí ló ń fà á, kí la sì lè ṣe sí i?

Bí èèyàn bá kú sí ọsibítù, yálà ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìdó, ohùn méjì la sábà máa ń gbọ́ nílé òkú. Àwọn kan á ní dókítà ló pa á. Àwọn mìíràn á ní àmúwá Ọlọ́run ni, ká gba kámú. Ẹ tan rédíò lọ́jọ́ kejì, àríyànjiyàn náà á ti débẹ̀: ẹnì kan ń bú nọ́ọ̀sì, ẹlòmíràn ń bẹ̀bẹ̀ fún un, ètò á sì parí kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Lójú tèmi, ohùn méjèèjì yìí ló ń bo ìbéèrè tó yẹ ká bi mọ́lẹ̀. Ṣé ikú yìí ṣeé dènà? Bí ó bá ṣeé dènà, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dènà rẹ̀? Kí ni ilé ìwòsàn náà yí padà kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, torí kò sí ìdílé kan ní Èkìtì tí kò ní gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù bó pẹ́ bó yá.

Kí là ń pè ní àṣìṣe ìtọ́jú?

Nǹkan burúkú lè ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. Ká fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ṣàlàyé. Pẹnisílínì ti gba ẹ̀mí àìmọye èèyàn là, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí ara wọn kò gbà á rárá. Ara á máa yún wọn, ètè á wú, ọ̀nà ọ̀fun á dí, wọ́n sì lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí wọn kò bá tètè rí ìrànlọ́wọ́.

Ká ní wọ́n gbé bàbá kan dé. Wọ́n bi í bóyá oògùn kankan ti bá a jà rí, ó ní rárá, òótọ́ ló sì sọ. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ yìí, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ewu tó bá oògùn náà rìn nìyẹn, kò sí ẹni tó lè mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ká wá ní oògùn náà ti bá a jà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀. Lálẹ́ tí wọ́n gbé e dé, wọn kò rí káàdì àtijọ́ náà. Wọ́n ya tuntun fún un, ara bàbá kò sì balẹ̀ tó láti sọ̀rọ̀, ọmọ tó gbé e wá kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè. Àṣìṣe ìtọ́jú nìyí. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni wọn kò ṣe, tàbí kí wọ́n ṣe ohun tí kò yẹ, láìsí ẹni tó ní ibi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá sọ fúnra rẹ̀ pé, “Ẹ má fún mi ní pẹnisílínì o, díẹ̀ ló kù kó pa mí nígbà kan,” tí ẹni tó mú abẹ́rẹ́ dání sì dá a lóhùn pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ó kọ́ mi níṣẹ́ ni, Bàbá?” tó sì gún un, àìbìkítà pọ́ńbélé ni. Irú èyí ni òfin máa ń fìyà jẹ.

Ojú kan náà ni àwọn ẹbí tó dúró níta fi ń wo ọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gbé bàbá wọn wọlé láàyè, wọ́n gbé e jáde ní òkú. Wọn kò lè fojú lásán mọ èyí tó ṣẹlẹ̀, àfi bí ìwádìí bá wà. Bí a bá wá ń sọ̀rọ̀ ààbò aláìsàn, gbogbo ètò tí ilé ìwòsàn ń ṣe kí ìtọ́jú má baà pa ẹni tó wá gba ìwòsàn lára là ń sọ.

Ṣé àwa nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí?

Rárá o. Ní ọdún 1999, Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde tó dá jìnnìjìnnì sílẹ̀ káàkiri ayé: wọ́n ní iye èèyàn tí àṣìṣe ń pa nínú àwọn ọsibítù ilẹ̀ náà lọ́dún wà láàárín 44,000 sí 98,000. Amẹ́ríkà nìyẹn, tí owó àti ẹ̀rọ pọ̀ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣírò pé nínú aláìsàn 10, bí ẹnì 1 ni ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ń pa lára, àti pé ó lé ní ìdajì ìpalára wọ̀nyí tó ṣeé dènà. Ikú tó ń tibẹ̀ wá lé ní mílíọ̀nù 3 lọ́dún, àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí ló sì ń jẹ ìyà náà jù.

Báwo ni ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ ronú nípa ẹ̀gẹ́ tí a sá sí àgbàlá. Ewúrẹ́ wọlé, ó jẹ ẹ́. Ọmọ tí a ní kó ṣọ́ ọ ti sùn lọ, òun la sì máa nà. Ṣùgbọ́n ọgbà ti ya láti ọjọ́ pípẹ́, a kò dí i. Aládùúgbò tú ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìso ó. Ọmọ náà ti jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀, kò jẹun, kò sí ẹni tó wá gbà á sílẹ̀. Bí ọ̀kan péré nínú nǹkan wọ̀nyí bá yàtọ̀, ewúrẹ́ ì bá má débi ẹ̀gẹ́. A lè na ọmọ yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ọgbà bá ṣì ya, ewúrẹ́ á padà wá lọ́la.

Bí àṣìṣe ọsibítù ṣe rí gan-an nìyẹn. Ká mú ẹ̀jẹ̀ gbígbà bí àpẹẹrẹ. Ìyá méjì wà ní wọ́ọ̀dù kan náà, Àjàyí ni orúkọ ìdílé wọn méjèèjì. Fúnmiláyọ̀ ni ọ̀kan, Fọláṣadé ni èkejì. Irú ẹ̀jẹ̀ A ni ti Fúnmiláyọ̀, O ni ti Fọláṣadé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà fún àyẹ̀wò. Dípò kí dókítà kọ orúkọ sára ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí tábìlì torí wọ́n ń pè é kíákíá níbòmíràn, “Àjàyí F.” ló sì kọ sára méjèèjì. Iná ti lọ ní láàbù, iná fóònù ni wọ́n fi ń kàwé. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé wọ́ọ̀dù lóru, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn tó kún wọ́ọ̀dù, kò sì sí ẹnì kejì tó lè bá a yẹ ìgò náà wò. Ó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Màmá Àjàyí?” Fọláṣadé tó ń tòògbé dáhùn pé, “Ẹ̀ẹ́n, ọmọ mi.” Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ A kọ́ fún ẹni tó jẹ́ O. Ara rẹ̀ á gbógun ti ẹ̀jẹ̀ náà, kíndìnrín rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lè kú.

Ta ló pa màmá yìí? Nọ́ọ̀sì ló gbé ẹ̀jẹ̀ kọ́, òun ni gbogbo ayé á rí. Ọmọ ìyá náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ àlàyé lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Àmọ́ bí wọ́n bá lé nọ́ọ̀sì yẹn lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí wọ́n ṣì ń kọ orúkọ sára ìgò lórí tábìlì, tí ẹnì kan ṣoṣo ṣì ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù lóru, màmá mìíràn ṣì ń lọ sínú ewu kan náà.

A kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ yìí láìmẹ́nu kan àwọn tó ti já pa. Nọ́ọ̀sì àti dókítà ń lọ sí ìlú òyìnbó àti Saudi lójoojúmọ́, iṣẹ́ wọn sì ń bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀sán, tí wọ́n tún ní kó dúró ṣe ti alẹ́ torí ẹni tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ kò sí mọ́, ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì. Bí a bá ń retí pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣàṣìṣe rárá, à ń tan ara wa ni.

Ibo ni ewu ti pọ̀ jù?

Oògùn ló ṣáájú. Orúkọ wọn máa ń jọra. Chlorpropamide wà, oògùn àtọ̀gbẹ tó ń lé súgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Chlorpromazine náà wà, oògùn àrùn ọpọlọ. Ẹ wo bí ìwé kíkọ dókítà ṣe máa ń rí, kí ẹ wá ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní kẹ́míìsì. Àmì kékeré tó wà láàárín 0 àti 5 nínú 0.5, bí kò bá hàn dáadáa, aláìsàn á gba ìlọ́po 10 ohun tó yẹ kó gbà. Ọmọdé ló léwu jù níbẹ̀, torí bí ara ọmọ bá ṣe wúwo tó la fi ń ṣírò oògùn rẹ̀. Ìyá tó bá gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, tí wọ́n kọ oògùn fún un láìgbé ọmọ sórí ìwọ̀n, kó béèrè.

Oògùn kan tún wà tó yẹ kí gbogbo èèyàn gbọ́ nípa rẹ̀, pòtásíọ́mù. Ó wúlò fún ẹni tí èròjà náà ti dínkù lára rẹ̀, inú omi púpọ̀ ni wọ́n sì ń pò ó sí, kó máa kán wọ ara díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gún un bẹ́ẹ̀ láìpò ó, ọkàn lè dúró lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú ìgò kékeré ló wà, ó mọ́ lóló bí omi, ó sì jọ àwọn ìgò mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ ọsibítù lágbàáyé ti rí i pé ìkìlọ̀ nìkan kò tó. Wọ́n kó ìgò náà kúrò ní wọ́ọ̀dù pátápátá, wọ́n tì í mọ́ yàrá oògùn. Àní bí oorun bá ń kun nọ́ọ̀sì, kò lè ṣèèṣì mú ohun tí kò sí níwájú rẹ̀.

Àkókò tí aláìsàn bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn náà léwu. Bí wọ́n bá gbé aboyún láti ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ọ̀mùò wá sí Adó lóru, ohun tí wọ́n ti fún un lọ́hùn-ún, iye ìgbà tí wọ́n ti fún un, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya, inú lẹ́tà tí wọ́n kọ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí lẹ́tà náà bá kù sínú ọkọ̀, wọ́n lè tún fún un ní oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ti kòkòrò tó ń bá ọwọ́ rìn kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1847, ní Vienna, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis ṣàkíyèsí pé ibà ń pa àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní wọ́ọ̀dù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ju ti wọ́ọ̀dù àwọn agbẹ̀bí lọ. Láti ibi tí wọ́n ti ń la òkú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń wá gbẹ̀bí. Ó pàṣẹ kí wọ́n máa fi omi oníkilorínì fọ ọwọ́, ikú tó ti lé ní 10 nínú ìyá 100 sì bọ́ sí nǹkan bí 2. Wọ́ọ̀dù tí omi kò yọ nínú ẹ̀rọ rẹ̀, tí kò sì sí ọṣẹ, ń padà sí ayé tó ṣáájú Semmelweis. Kí ìjọba tó ra ẹ̀rọ olówó ńlá kan, kó kọ́kọ́ rí i pé omi wà.

Kí ló ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn?

Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé pélébé kan jáde fún tíátà iṣẹ́ abẹ. Ohun 19 ló wà nínú rẹ̀, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sì ń dúró kà á sókè: kí wọ́n tó fún aláìsàn lóògùn oorun, kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, àti kí wọ́n tó gbé e jáde. Ta lẹni yìí? Iṣẹ́ wo la fẹ́ ṣe fún un, apá ọ̀tún ni àbí òsì? Ṣé oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà? Ṣé aṣọ tí a fi nu ẹ̀jẹ̀ àti irin iṣẹ́ pé bí a ṣe kó wọn wọlé? Wọ́n dán an wò ní ọsibítù 8 ní ìlú 8, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2009, ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ti bọ́ láti 1.5 nínú 100 sí 0.8, àwọn tí wàhálà ńlá bá sì dín láti 11 sí 7 nínú 100.

Ohun kan wà nínú ìwé yìí tí mo gbà pé ó le jù fún wa nílẹ̀ Yorùbá. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù tó wà ní tíátà á sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe, kí ẹni tó kéré jù níbẹ̀ má baà bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ bí ó bá rí ohun tí kò tọ́. Ẹ wo bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Àgbà kì í ṣì sọ lójú ọmọdé. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé rí i pé ọ̀gá dókítà ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì, apá ọ̀tún ló sì wà nínú fáìlì. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Mo mọyì ìbọ̀wọ̀-fágbà, ilé tí kò bá sí níbẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n ní tíátà, ọ̀wọ̀ tó bá di ọmọ lẹ́nu máa ń pa aláìsàn. Ọ̀gá tó bá fẹ́ràn aláìsàn rẹ̀ ni kó fúnra rẹ̀ sọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí àṣìṣe lọ́wọ́ mi, ẹ tètè pariwo.”

Èyí tó tẹ̀ lé e ni bí a ṣe ń gbọ́ ìròyìn àṣìṣe tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣèèṣì mú ìgò tí kì í ṣe èyí tó yẹ, ó rí i kó tó gún un, ó dá a padà. Bí ó bá mọ̀ pé kúẹ̀rì ni wọ́n á fún òun bí òun bá sọ, á dákẹ́, ìgò méjèèjì á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí ẹlòmíràn tí kò rí i á fi dé. Ilé ìwòsàn tó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, tó sì ya àwọn ìgò náà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ti gba ẹnì kan là. Láti 2019 ni ayé ti ń fi ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ṣe Ọjọ́ Ààbò Aláìsàn. Ó yẹ kí àwọn ọsibítù wa máa sọ iye irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n yí padà nítorí rẹ̀ fún aráàlú lọ́jọ́ náà.

Kí ni aláìsàn àti ẹbí lè ṣe?

Ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún, àti ọjọ́ ìbí yín bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá pè yín ní “Màmá Dayọ̀” nìkan, ẹ dáhùn, kí ẹ wá fi orúkọ tó wà lára káàdì kún un. Orúkọ kan náà ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo: bí ẹ bá lo orúkọ ìsàmì lónìí, tí ẹ lo orúkọ ọkọ lọ́la, fáìlì méjì ni ẹ ó ní.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e dání lọ. Àgbo náà wà níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àgbo pamọ́ torí wọ́n ń bẹ̀rù kí dókítà má jágbe mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ àgbo mìíràn ń lé súgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bí ó bá sì pàdé oògùn àtọ̀gbẹ, aláìsàn lè dákú. Mo bẹ ẹ̀yin dókítà náà: bí màmá kan bá sọ òtítọ́ fún yín, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ ó gbàgbé ìjágbe yẹn, òun kò ní gbàgbé, kò sì ní sọ fún yín mọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ gún yín ní abẹ́rẹ́ tàbí kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ kọ́, ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. “Ẹ kúuṣẹ́ o, Àǹtí nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ọ. Kí ni oògùn yìí wà fún?” Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Bí ara rẹ̀ bá kọ́kọ́ gbóná pàápàá, á ti wo ìgò náà lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí ẹ sì fẹ́ nìyẹn.

Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, níbo la ó gbé e lọ?

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: aago mélòó, oògùn wo, ta ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n sọ. Kí ẹ wá ní kí ilé ìwòsàn pè yín jókòó, kí wọ́n ṣàlàyé. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2018 sọ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ àlàyé ní èdè tó yé e, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń da gẹ̀ẹ́sì ìṣègùn bò yín, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́. Òfin Ìlera ti 2014 náà fún ẹnikẹ́ni tí ìtọ́jú rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn ní ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sùn, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀.

Bí ikú bá ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó le jù ni àyẹ̀wò òkú. A kì í fẹ́ kí wọ́n la òkú èèyàn wa, a sì máa ń kánjú sin ín, pàápàá ọmọdé àti àwọn tó kú láìtọ́jọ́. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí èyí, ìbànújẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn ronú jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ dájú pé lẹ́yìn tí a bá ti sin ín láìṣàyẹ̀wò, ó ṣòro púpọ̀ láti fi ìdí ohun tó pa á múlẹ̀, yálà fún ilé ìwòsàn tàbí lòdì sí i.

Ọ̀dọ̀ aláṣẹ ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lórí ìwé. Bó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ọ́fíìsì SERVICOM, tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú lórí iṣẹ́ ìjọba, máa ń wà nínú ọgbà. Àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, ń gba ẹ̀sùn nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ dókítà fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà ní Nàìjíríà, ló ń lọ. Ti nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tiwọn. Ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí MDCN ló máa kọ́kọ́ yẹ ọ̀ràn náà wò, bó bá sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́. Ìyẹn lè bá dókítà wí, ó lè dá a dúró fún ohun tí kò ju oṣù 6 lọ, ó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà pátápátá. Kò sí owó gbà-má-bínú fún ẹbí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá ń béèrè ìyẹn ní láti lọ sí ilé ẹjọ́, ibẹ̀ sì ni fáìlì, ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà àti èsì àyẹ̀wò òkú á ti wúlò fún un jù.